Ẹ Jẹ́ Ká Fọwọ́ Ara Wa Ṣe É: Ọ̀rọ̀ Lórí Skimmer Onípáìpù



Láti ìgbà tí a ti gbé àwòrán ẹ̀rọ tí a fi páìpù ṣe sójú WhatsApp ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ lóríṣiríṣi. Àwọn kan kan sáárá sí wa. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé páìpù ilé ìwẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ń fi ṣe sáyẹ́ǹsì láyé òde òní. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí a mọ̀ pé ire wa ló ń wá, ní ká gbé nǹkan náà tì, ká ní sùúrù, kí àwọn dá owó jọ, kí wọ́n ra èyí tó dáa ránṣẹ́ láti òkè òkun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé ohun tó yẹ ká ṣe nìyẹn, ìdí tí a kò fi gbà la sì fẹ́ sọ lónìí. A ó sọ ibi tí àwa náà ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú, nítorí àṣìṣe yẹn gba ẹ̀mí.

Fún ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ló ni àpótí ẹja tó wà ní igun yàrá ìwádìí wa. Nígbà tó ń múra àtilọ kàwé sí i nílùú ọba, kò rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún ju àwa lọ. Àpótí onígíláàsì ni, ó ń gba omi 200 lítà. Clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú edé kan tó máa ń ṣa ìdọ̀tí jẹ lára ẹja, àti iyùn rírọ̀ mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Ọ̀rọ̀ tó bá wa sọ kó tó lọ kò pọ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí omi wọn bàjẹ́ o."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iyùn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ojúlówó nínú wọn, èyí tí kì í ṣe ike, egungun ẹranko ni. Inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wa iyùn pupa láti ayébáyé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Torre del Greco ní Ítálì sì ti ń gbẹ́ ẹ láti ọdún gbọọrọ wá. Àwọn ẹranko kéékèèké ló ń kọ́ egungun yẹn. Mọ̀lẹ́bí wọn ni àwọn tó ń kọ́ òkìtì iyùn sínú òkun tó móoru, mọ̀lẹ́bí wọn náà ni àwọn rírọ̀ bí irú tiwa. Nínú ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé inú omi tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa, ewéko tíntìntín kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, tó sì ń pín in fún ẹranko tó gbà á sílé.

Etí òkun tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Odò ń kó ẹrẹ̀ wá sínú òkun, omi kì í mọ́ kedere, bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, omi ọ̀sà Èkó a fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ mọ́. Àlejò ni àwọn iyùn tó wà lọ́dọ̀ wa. Wọn kò ní òkun mìíràn tí wọ́n lè sá lọ. Omi tí a bá ṣe fún wọn ni gbogbo ayé wọn: ooru tó tó 25 tàbí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan, kí ìdọ̀tí má sì pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yìí ló bí skimmer. Ẹja ń jẹ, ẹja ń yàgbẹ́, iyùn ń yọ ikun lára, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń bọ́ sí abẹ́ òkúta. Nínú òkun, omi pọ̀ ju ìdọ̀tí lọ. Nínú àpótí, ìdọ̀tí náà á jẹrà di ammonia tó ń pa ẹja, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di nitrite, wọ́n á tún sọ ọ́ di nitrate. Ẹja lè fara da nitrate dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ara iyùn kò ní balẹ̀, ewédò á sì bo òkúta. Iṣẹ́ skimmer ni láti kó ìdọ̀tí jáde kó tó jẹrà.

Bó ṣe ń ṣe é kò ṣòroó yé. Púpọ̀ nínú ìdọ̀tí inú omi ní ìhà méjì bíi ti ọṣẹ: ìhà kan fẹ́ràn omi, ìhà kejì ń sá fún un. Bí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ bá kan ìhó tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tí a bá wá rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìhó kéékèèké gba inú páìpù gígùn kan lọ sókè, wọ́n á gbé ìdọ̀tí náà dání, wọ́n á di ìfófòó lókè, ìfófòó á gun ọrùn tóóró kan bọ́ sínú ike. Ẹni tó bá ti rí ìfófòó lórí ìgbì òkun ti rí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà bá ń ṣe epo pupa ní abúlé ti rí nǹkan tó jọ ọ́: bí wọ́n ṣe ń da omi sí ẹyìn tí wọ́n ti gún, tí epo á fò sójú omi pẹ̀lú ìfófòó, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ kó o.

Àwọn kan bi wá bóyá ó lè ṣiṣẹ́ nínú odò ẹja àrọ̀. Rárá, kò ní ṣe dáadáa. Nínú omi aláìníyọ̀, àwọn ìhó á máa dà pọ̀ mọ́ra, wọ́n á di ńlá, wọ́n á sì yára sá lọ sókè. Omi oníyọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dà pọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń wà ní kéékèèké, tí wọ́n sì ń rí ìdọ̀tí kó.

Skimmer tí ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rà. Ní ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tó kọjá ìwọ̀n, ó sì jó pọ́ǹpù rẹ̀. A wá ẹ̀yà rẹ̀ kiri, a kò rí i. A bèèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun, owó náà ju èyí tí ẹni mẹ́ta nínú wa ń san fún bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́dún kan lọ. Báyìí la ṣe pinnu pé a ó ṣe tiwa.

Páìpù PVC tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rin la lò, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, a dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. A jẹ́ kí omi wọlé láti òkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. A fi òkúta afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ìhó máa gòkè. Omi ń bọ̀, ìhó ń lọ, wọ́n á pàdé ara wọn fún ìgbà pípẹ́, ìdọ̀tí á sì rí àyè lẹ̀ mọ́ ìhó. Omi tó ti mọ́ á jáde nísàlẹ̀ gba páìpù kékeré kan tó tún gòkè padà, tí a fi fáàfù sí. Fáàfù yìí la fi ń pinnu bí omi yóò ṣe ga tó nínú páìpù ńlá. Lókè, a fi ike tó mọ́ kedere, irú èyí tí wọ́n ń kó súìtì sí, gba ìfófòó. Òkúta afẹ́fẹ́ náà kì í ṣe òkúta rárá. Igi arère la gbà lọ́wọ́ káfíńtà, a gé e kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú iṣan igi náà kọjá. Ìhó rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n igi ni, á máa dí, á máa jẹrà, ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ibi tí a ti gbà pé iṣẹ́ ti parí ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Gọ́ọ̀mù páìpù kò tíì gbẹ ju òru kan lọ. A kò fọ páìpù náà dáadáa. A kò dán an wò níbikíbi. Inú wa dùn, a gbé e sára àpótí, a ya fọ́tò, a sì lọ sílé fún òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí kò yé wa ni pé ike tuntun àti gọ́ọ̀mù tuntun máa ń da ìwà ìfófòó rú. Skimmer tuntun máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó fara balẹ̀. Tiwa kò fara balẹ̀. Omi àti ìfófòó kún ike, wọ́n ń ṣàn sílẹ̀ pẹrẹpẹrẹ. Pọ́ǹpù tó ń gbé omi sínú rẹ̀ wà ní agbedeméjì àpótí, ó sì ń fa omi lọ títí omi fi rẹlẹ̀ dé ibi tó wà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú iná lọ. Kò sí ohun tó ń ru omi sókè mọ́, kò sí ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ooru mú, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, iyọ̀ ti gbẹ funfun sórí sìmẹ́ńtì. Edé ti kú. Ọ̀kan nínú clownfish méjèèjì ti kú. Àwọn iyùn ti ká ara wọn kò.

A jókòó, a ń wo ara wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, a pè é. Ó dákẹ́ títí, a rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á?"

A mọ̀ ọ́n. A ka gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ, láti orí gọ́ọ̀mù dórí pọ́ǹpù dórí iná. Bí a ṣe ń kà á la ń rí i pé ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wa láti kà á ni pé ọwọ́ wa la fi ṣe é. Skimmer tí wọ́n rà wà lára àpótí náà fún ọ̀pọ̀ oṣù lójú wa, kò sẹ́ni tó ṣí i wò rí nínú wa. Ní ọdún kẹta, a ti kọ "foam fractionation" sínú ìwé ìdánwò, a sì gba máàkì tó dáa. Síbẹ̀, ká ní ẹnì kan bi wá lọ́jọ́ náà pé kí ló ń jẹ́ kí ike skimmer kún jù, a kò bá máa wojú ara wa ni.

Ohun tí a ń sọ kì í ṣe pé ẹja tó kú kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe. A fi ohun ẹlẹ́mìí dán iṣẹ́ ọwọ́ wa wò, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ kedere fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sára àpótí tí nǹkan ń mí nínú rẹ̀ títí yóò fi yege níbòmíràn.

Nígbà tí a tún un ṣe, inú dúrọ́ọ̀mù omi oníyọ̀ lásán la kọ́kọ́ fi í sí. A fi fínígà àti omi fọ̀ ọ́, a ṣàn án dáadáa. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnì kan ń kọ ohun tó bá rí sínú ìwé láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwa fúnra wa la ń mú iná kúrò lójijì, kódà lóru, ká lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. A gbé pọ́ǹpù sókè tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ bàjẹ́, kò lè fa ju ìwọ̀nba omi tó wà lójú àpótí lọ. A lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ike ìfófòó, a fi rọ́bà so ó mọ́ jálá kan nísàlẹ̀. A jẹ́ kí gbogbo wáyà sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò iná kí wọ́n tó tún gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi iyọ̀ tó bá ṣàn lórí wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, omi iyọ̀ àti iná ìjọba lè pa èèyàn. Lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, a ra pọ́ǹpù oníbátìrì tí àwọn tó ń kó ẹja láti ibì kan sí ibòmíràn máa ń lò. Bí iná bá lọ, òun á ṣì máa mí fún wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni ìfófòó rẹ̀ fara balẹ̀. Nígbà tí a gbé e sára àpótí, kò pé ọjọ́ méjì tí ike fi kó omi kan tó dúdú bí omi àgbo, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Gbogbo wa la sáré wá gbóòórùn rẹ̀, tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn iyùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣí padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká ra tuntun. Èyí tí wọ́n ń rà rẹwà ju tiwa lọ. Kì í pariwo tó tiwa, kì í sì í gba àyè tó o. Skimmer kankan kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Kò lè kó nitrate tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. A ṣì ń pààrọ̀ omi 20 lítà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a kò sì ní jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí tiwa bá bàjẹ́ lónìí, ẹni tó ń ta páìpù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ní ohun tí a ó fi tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí èyí tí wọ́n rà bá bàjẹ́, ẹ̀bẹ̀ la ó tún máa bẹ̀, a ó máa retí ẹrù, omi á sì máa bàjẹ́ lọ. Ẹja kò mọ ìgbà tí ẹrù máa dé.

Àwọn kan tún sọ pé kò yẹ ká tọ́jú iyùn rárá. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo létí wa. Ooru òkun ti jẹ́ kí iyùn Great Barrier Reef ní Ọsirélíà funfun lọ rẹpẹtẹ ní 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024, nítorí pé bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewéko tó ń bọ́ ọ kúrò lára. Ẹ̀dá tí ayé ti le mọ́ lórí báyìí kì í ṣe ohun à ń fi ṣe fújà. Ìdí nìyẹn tí a fi ti pinnu pé a kò ní ra iyùn kankan kún èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́, iyùn rírọ̀ ṣeé gé, kí èyí tí a gé sì dàgbà di tuntun. A ó fún un níbẹ̀, bó bá kọ́kọ́ fi skimmer tó ṣe hàn wá.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọdún kẹta fi páìpù ṣe ọ̀kan, kí wọ́n sì gba máàkì lórí rẹ̀. Kí máàkì náà má jẹ́ ti pé ó ṣiṣẹ́ nìkan, kí ó jẹ́ ti pé wọ́n lè sọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ nígbà tó kọ̀. Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ má dúró de ìgbà SIWES kí ọwọ́ yín tó dọ̀tí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí ẹ bá ti dá owó náà jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ra bátìrì ìńfátà àti ohun tí a ó máa fi yẹ omi wò, kí ẹ sì wá lo ọjọ́ Àbámẹ́ta kan pẹ̀lú wa. Nínú yín ni ẹni tó mọ iná tún ṣe wà, nínú yín ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ gíláàsì wà. Owó yín wúlò fún wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín la nílò jù.

Clownfish tó kù ṣì wà láàyè. Òun nìkan ló ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín iyùn mẹ́ta báyìí, a kò sì tíì wá èkejì fún un. A fẹ́ kí ẹ̀rọ wa pé oṣù mẹ́fà láìṣe àṣìṣe ná. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìlú ọba pé ká fi fọ́tò ike ìfófòó han òun. Kì í bèèrè fọ́tò ẹja. Ó ní bí omi inú ike bá ti dúdú, òun ti mọ bí ẹja ṣe wà.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, yàrá ìwádìí wa ṣí ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú. Ẹ mú páìpù dání.